Bí ẹ ṣe lè to bóòtì rìmóòtù oníbátìrì tó ń sáré

Gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí bóòtì rìmóòtù, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí ni pé, "injìn wo ló lágbára jù?" Mi ò dá wọn lẹ́bi, ohun témi náà bèèrè nìyẹn. Mo ra injìn gbàǹgbà, mo ra bátìrì tó tóbi, mo dè wọ́n mọ́nú ara ọkọ̀ wàràwàrà lóru ọjọ́ kan, ilẹ̀ mọ́ mo gbé e lọ sómi. Ariwo tó pa, ẹ máa rò pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ gé irin ni. Eré ńkọ́? Pẹ́pẹ́yẹ tó ń lúwẹ̀ẹ́ nítòsí ẹ̀ ò tiẹ̀ yà fún un. Nígbà tí mo fi máa gbé e jáde, injìn ti gbóná débi pé mi ò lè gbé ìka lé e. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé agbára wà níbẹ̀ o, ọ̀nà tó máa gbà dénú omi ni mo dí pa. Agbára tí ò bá di eré, ooru ló máa dà, kò ní ibòmíì tó fẹ́ lọ.

Torí náà, mo máa jókòó pẹ́ nídìí ṣáfùtù, ìyẹn ohun tó ń gbé yíyí injìn lọ sára pùròpẹ́là, àti omi nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ibòmíì mo kàn máa sáré kọjá ni. Ẹ ò ní bínú. Ohun kan tún ni pé injìn ni mo máa máa pe mọ́tò tó ń yí pùròpẹ́là, torí tí mo bá ń wí mọ́tò, mọ́tò, ẹlòmíì á rò pé ọkọ̀ ojú títì ni mò ń sọ.

1. Ẹ yan ara ọkọ̀

Oríṣi mẹ́ta lẹ máa sábà rí. Èyí tí ìdí ẹ̀ ṣe ṣóńṣó bíi lẹ́tà V la ń pè ní mónò, ó máa ń fara da omi tó ń ru díẹ̀. Èkejì ni kátámáráànì, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ó máa ń dúró dáadáa tó bá ń yí kọ́nà, àmọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọ abẹ́ ẹ̀ lórí eré, á fò sókè á sì fẹ̀yìn lélẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ̀kẹta ni háídírò àti rígà, àwọn tó jẹ́ pé ibi kéékèèké mẹ́ta péré ló ń kan omi lára wọn, àwọn ló yára jù nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n omi tó bá tẹ́ bíi dígí ni wọ́n fẹ́. Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí, ẹ mú mónò tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 70 sí 80. Fáíbà ni kẹ́ ẹ mú, kì í ṣe ike lásán, torí tí ike bá gbóná nídìí injìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, injìn á sún díẹ̀, ìlà ṣáfùtù á sì wọ́. Ọ̀rọ̀ ìlà yìí la máa sọ títí tá a fi máa parí.

2. Kí injìn, bátìrì àti ESC bára wọn mu

Injìn tí ò ní búrọ́ọ̀ṣì, oníwáyà mẹ́ta, ni kẹ́ ẹ wá. Nọ́ńbà tí wọ́n bá kọ sí i lára, bíi 3660, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ó fẹ̀ tó mìlímítà 36, ó sì gùn tó 60. Nọ́ńbà kejì ni KV, ìyẹn iye ìgbà tó máa yí ní ìṣẹ́jú kan fún fóòtì (volt) iná 1 tí ò bá ru ẹrù kankan. Bátìrì LiPo ẹlẹ́yọ 4 tí wọ́n ń pè ní 4S, fóòtì 14.8 ni wọ́n ń kà á sí, tó bá kún bámúbámú á jẹ́ 16.8. Tí injìn bá jẹ́ 2000 KV, ẹ fi 2000 lu 14.8, ó máa fún yín ní 29,600. Fún bóòtì tẹ́ ẹ kàn fẹ́ máa fi gbádùn ara yín, ibi tó dáa ni 25,000 sí 32,000. Ẹni tó bá lọ gbé injìn 4000 KV sórí 4S torí pé nọ́ńbà ẹ̀ pọ̀, ó fẹ́ jóná nìyẹn.

ESC ni àpótí kékeré tó wà láàárín bátìrì àti injìn, òun ló ń pín iná. Ẹ mú èyí tí wọ́n ṣe fún bóòtì, tó ní ẹnu họ́ọ̀sì fún omi, ámpù 120 ò pọ̀ jù fún ohun tá a ń sọ yìí. Ní ti bátìrì, tó bá jẹ́ 5000 mAh, ìyẹn ámpù 5 fún wákàtí kan, tí wọ́n kọ 30C sí i, ìyẹn bó ṣe lè yára tú iná ẹ̀ jáde tó, ẹ fi 5 lu 30, ámpù 150 ni wọ́n ń ṣèlérí yẹn. Ẹ má gba gbogbo ẹ̀ gbọ́, àwọn tó ń kọ C yẹn lawọ́ gan-an, torí náà ẹ fi àyè sílẹ̀.

Pùròpẹ́là náà ní ìṣirò tiẹ̀. Ká ní ó fẹ̀ tó mìlímítà 42, tí pitch ẹ̀ jẹ́ 1.4, ẹ fi 42 lu 1.4, ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tó bá yí ẹ̀ẹ̀kan, ó yẹ kó ti ọkọ̀ síwájú ní mìlímítà 58.8, bí ìgbà tí síkúrù bá ń wọ igi. Ẹ fi 29,600 lù ú, ó máa sún mọ́ kìlómítà 104 ní wákàtí kan. Ẹ má tíì jó o. Injìn ò ní lè yí tó bẹ́ẹ̀ tó bá ti ru ẹrù, omi náà á sì máa yọ̀ lábẹ́ pùròpẹ́là, torí náà tẹ́ ẹ bá rí 70 nínú ẹ̀, ẹ dúpẹ́.

3. Ìlà ṣáfùtù (ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀)

Ṣáfùtù inú bóòtì eléré kì í ṣe irin gbọnrangandan, wáyà irin tí wọ́n lọ́ mọ́ra ní ìpele ìpele ni, ó lè tẹ̀, ó máa ń gba inú páìpù bàbà kọjá láti ara injìn lọ sẹ́yìn. Fún ọkọ̀ tá a ń sọ yìí, mìlímítà 4 tàbí 4.76 ló wọ́pọ̀. Wọ́n máa ń fi páìpù téfílọ́ọ̀nù tínrín sáàárín ṣáfùtù àti bàbà kí irin má bàa ha irin.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Mo máa fi péńsù fa ìlà kan sí àárín gbùngbùn ara ọkọ̀ láti iwájú dẹ́yìn, lókè àti nísàlẹ̀. Mo máa lu ihò gígùn síbi tí páìpù ti máa jáde nísàlẹ̀, ihò ọ̀hún á fẹ̀ ju páìpù lọ díẹ̀ kí n lè ráyè sún un. Mo máa tẹ páìpù díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́, kẹ́ ẹ má fi agbára ṣe é ní ẹ̀ẹ̀kan, torí tó bá fi lè ká pẹ́nrẹ́n, páìpù yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ ju ú nù. Ibi méjì tí ò gbọdọ̀ tẹ̀ rárá ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lẹ́bàá injìn àti òpin ẹ̀ níbi tó ti wọnú irin tó gbá ṣáfùtù mú lẹ́yìn, tá à ń pè ní sítúrọ́ọ̀tù. Àárín nìkan ló lè tẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ti ṣáfùtù wọlé, mo máa fi kọ́pílìn so ó mọ́ injìn, mi ò tíì ní lẹ nǹkan kan. Mo máa fi ìka méjì péré yí ṣáfùtù láti ẹ̀yìn. Ó yẹ kó máa yí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa mọ̀ lára ẹ̀ ni mágínẹ́ẹ̀tì inú injìn tó ń dá a dúró ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, tọ́kú, tọ́kú, tọ́kú. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ó rọrùn níbì kan ó wá ń le níbì kejì nínú yíyí kan náà, ìlà ti wọ́. Ẹ sún injìn sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì, ẹ máa fi pépà tí wọ́n ká sí méjì tàbí mẹ́ta há abẹ́ ẹ̀ títí yíyí á fi dọ́gba. Mo ti lo odidi alẹ́ kan lórí kìkì èyí rí, ìyàwó mi bi mí bóyá mo ń bá bóòtì náà ṣàdúrà ni.

Tó bá ti yí dáadáa, ẹ kán gọ́ọ̀mù epoxy ẹ̀kán mẹ́ta péré sára páìpù, ẹ jẹ́ kó gan, ẹ tún yí ṣáfùtù wò. Tó bá ṣì dáa, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rọ èyí tó kù. Ẹ lo epoxy tó ń gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le, kì í ṣe oníṣẹ́jú 5, torí oníṣẹ́jú 5 ò fẹ́ràn ooru àti omi. Kẹ́ ẹ tó lẹ ohunkóhun mọ́ fáíbà, ẹ fi sáńpépà 80 ha ojú ibẹ̀ kó rí gàn-ùn gàn-ùn, ẹ sì fi ọtí tí wọ́n fi ń nu nǹkan, tí wọ́n ń pè ní isopropyl, nù ún. Ibi tó bá ń dán, epoxy kàn máa jókòó lórí ẹ̀ ni, kò ní dì í mú, ọjọ́ tí injìn bá fún un lágbára, á ṣí bí ìpẹ́ ẹja.

Ohun mìíràn tí àwọn èèyàn kì í kà sí: àlàfo ẹ̀yìn. Irin kékeré tó ń ti pùròpẹ́là àti ẹnu sítúrọ́ọ̀tù ò gbọdọ̀ fara kanra, ẹ fi mìlímítà 3 sí 5 sílẹ̀ láàárín wọn. Ìdí ẹ̀ ni pé tí ṣáfùtù oníwáyà bá ti ń ru ẹrù, ó máa ń lọ́ mọ́ra á sì kúrú. Tí ò bá sí àlàfo, á fa ara ẹ̀ há mọ́ sítúrọ́ọ̀tù, bíríkì lẹ tẹ̀ lórí eré yẹn, bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì ó ń yí dáadáa o. Èyí ló pa bóòtì mi àkọ́kọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ nu òróró kúrò ní orí ṣáfùtù tó wọnú kọ́pílìn kẹ́ ẹ tó fún un, ẹ wá fi pẹ́ńtì tàbí máákà fa ìlà kékeré kan gba orí kọ́pílìn kọjá sórí ṣáfùtù. Tẹ́ ẹ bá ti sáré dé tí ìlà yẹn ti pín sí méjì, ṣáfùtù ń yọ̀ nínú kọ́pílìn nìyẹn. Gbogbo síkúrù tó bá ń wọ irin nínú ọkọ̀ yìí, ẹ kán gọ́ọ̀mù síkúrù aláwọ̀ búlúù sí i, ìgbọ̀n á tú u tẹ́ ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀.

4. Ẹ̀yìn ọkọ̀

Bóòtì eléré kì í ri pùròpẹ́là ẹ̀ bọ omi tán, ìdajì ló ń wà nínú omi tí ìdajì wà lókè tó bá ti gbéra. Torí náà, ẹ gbé sítúrọ́ọ̀tù sí ibi tí àárín ṣáfùtù á fi bá ìsàlẹ̀ pátápátá ìdí ọkọ̀ dọ́gba. Ẹ dojú ọkọ̀ dé, ẹ gbé rúlà gígùn lé ìdí ẹ̀ kó yọ sẹ́yìn, ẹ máa rí i kedere. Kó tẹ́jú bá ìdí ọkọ̀ lọ, kó má kọrí sókè tàbí ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, tó bá yá a lè wá máa sún un ní mìlímítà kan kan.

Ìtọ́kọ̀, apá ọ̀tún ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí, torí ọ̀tún ni wọ́n máa ń yí sí tí wọ́n bá ń díje. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí síkúrù ike kan wà lára ẹ̀ tó lè kán tí ìtọ́kọ̀ bá gbá igi tàbí òkúta nínú omi. Síkúrù ike kán, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ó tán. Tó bá jẹ́ irin, ògiri ẹ̀yìn ọkọ̀ ló máa bá a lọ. Irin pẹlẹbẹ kéékèèké méjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kìíní-kejì ẹ̀yìn, tábù, ẹ tò wọ́n kí wọ́n bá ìdí ọkọ̀ dọ́gba fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló ń jẹ́ kó di omi mú tó bá ń yí kọ́nà. Síkúrù irin tí kì í dípẹtà ni kẹ́ ẹ lò níbi gbogbo, kẹ́ ẹ sì fi sílíkọ́ọ̀nù sí ihò kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó fi síkúrù sí i.

Pùròpẹ́là tuntun, pàápàá àwọn tí wọ́n fi irin ṣe, kì í dọ́gba. Ẹ gbé e sórí ohun èlò tó ń wọn ìdọ́gba, apá tó bá wúwo á lọ sísàlẹ̀, ẹ fi fáìlì ha ẹ̀yìn apá yẹn díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní mọ apá tó fẹ́ lọ mọ́. Ní ìgbà 25,000 tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan yẹn, ìyàtọ̀ bíńtín lè jẹ bérìn sítúrọ́ọ̀tù run. Ẹ ṣọ́ra, tí wọ́n bá ti pọ́n ọn, ó mú ju abẹ lọ.

5. Omi tó ń tu injìn lára

Inú ìtọ́kọ̀ ni ihò wà tó ń gba omi wọlé bí ọkọ̀ bá ń sáré, kò nílò ẹ̀rọ tó ń fa omi, eré ọkọ̀ ló ń tì í wọlé. Họ́ọ̀sì sílíkọ́ọ̀nù á gbé omi lọ sínú ESC kọ́kọ́, láti ibẹ̀ lọ sí àwọ̀ omi tó wà lára injìn, á wá tú jáde ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí ibi tó ti ń tú jáde wà lápá tẹ́ ẹ lè rí látorí ilẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí i pé kò tú omi mọ́, ẹ gbé e wálé kíá, koríko tàbí yanrìn ti dí i.

Gbogbo ẹnu ibi tí họ́ọ̀sì ti so mọ́ nǹkan, ẹ fi wáyà tínrín tàbí okùn ike dè é. Mo ń sọ ọ́ torí mo jẹ̀bi ẹ̀. Bóòtì mi kejì, ó ń sáré geerege lọ́jọ́ kan, mo wá rí i pé imú ẹ̀ ń ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀yìn ẹ̀ ń wúwo, mo rò pé bátìrì ló ń tán, mo bá tún fún un níná sí i. Bí mo ṣe ń fún un níná tó ló ń yára rì tó! Họ́ọ̀sì ti yọ lẹ́nu injìn, ìtọ́kọ̀ sì ń ti omi wọnú ọkọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára, èmi fúnra mi ni mò ń fi ìka mi rọ omi kún bóòtì mi. Nígbà tó dúró, ohun tó kù lókè omi ò ju imú ẹ̀ lọ, bí ìka àtàǹpàkò.

Kẹ́ ẹ tó gbé e sómi, ẹ fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú ìtọ́kọ̀. Ó yẹ kó jáde ní ẹ̀gbẹ́ láìsí ìdíwọ́. Tó bá le láti fẹ́, họ́ọ̀sì ti ká síbì kan.

6. Wáyà, rìmóòtù àti risífà

Wáyà láti bátìrì dé ESC, ẹ jẹ́ kó kúrú bó ṣe lè kúrú tó. Tó bá gùn, iná tó ń já tó ń wá lójijì láàárín wọn á máa lu ESC títí yóò fi jóná, tó bá sì pọn dandan kó gùn, ẹ fi kàpásítọ̀ kún un lẹ́bàá ESC. Èyí tẹ́ ẹ lè fà gùn ni wáyà mẹ́ta tó lọ sí injìn. Ẹ lo XT90 tàbí búlẹ́ẹ̀tì mìlímítà 5.5 fún ìsopọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń sódà, ẹ jẹ́ kí ayọ́n gbóná dáadáa kí lẹ́ẹ̀dì ṣàn wọnú wáyà, èyí tó bá kàn lẹ̀ sójú bí ikun, ẹ tú u kẹ́ ẹ tún un ṣe.

Risífà, ìyẹn ohun tó ń gba àṣẹ rìmóòtù nínú ọkọ̀, ẹ fi sínú àpótí tí omi ò lè wọ̀. Tí ò bá sí, bàlúùnù táwọn ọmọdé ń fẹ́ náà ń ṣiṣẹ́, ẹ kì í sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ so ẹnu ẹ̀ mọ́ wáyà. Ìgbì rédíò 2.4 GHz tí rìmóòtù ìsinsìnyí ń lò kì í la omi kọjá, torí náà áńténà gbọ́dọ̀ yọ sókè nínú páìpù ike kékeré, tó bá sùn sí ìdí ọkọ̀, bóòtì á gbàgbé yín láàárín odò. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé nǹkan yìí ti pẹ́ láyé: Nikola Tesla ti fi bóòtì rìmóòtù oníbátìrì han àwọn èèyàn ní Madison Square Garden ní New York lọ́dún 1898, àwọn kan lára wọn sì rò pé idán ni.

Ẹ ṣètò failsafe, ìyẹn ohun tó ń dá injìn dúró tí ọkọ̀ ò bá gbọ́ rìmóòtù mọ́. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ìdúró ẹ̀, kí pùròpẹ́là má kan nǹkan kan, ẹ fún un níná díẹ̀, kẹ́ ẹ wá pa rìmóòtù. Injìn gbọ́dọ̀ dúró. Tó bá ṣì ń yí, ẹ má gbé bóòtì yẹn sómi. Rìmóòtù lẹ máa kọ́kọ́ tàn nígbà gbogbo, ọkọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ pa.

Ibẹ̀ náà lẹ ti máa wo apá tí injìn ń yí sí. Ṣáfùtù oníwáyà ní apá kan tó gbọ́dọ̀ máa yí sí, apá tó ń mú ìlọ́ ẹ̀ le sí i. Tó bá yí sódì, ìpele òde ẹ̀ á tú, á wú nínú páìpù, á sì já. Láti yí apá padà, ẹ pààrọ̀ wáyà méjì nínú mẹ́ta tó lọ sí injìn, èyíkéyìí méjì. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà bátìrì o, èyí tó bá lọ sódì níbẹ̀, èéfín lẹ máa rí.

7. Ìwọ̀n àti ohun tí ò ní jẹ́ kó rì

Fún mónò, ibi tí ìwúwo ọkọ̀ ti máa dọ́gba gbọ́dọ̀ wà ní bíi 30 nínú ọgọ́rùn-ún gígùn ẹ̀, téèyàn bá wọ̀n ọ́n láti ògiri ẹ̀yìn. Ọkọ̀ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 80, ìyẹn ni 24. Ẹ kó gbogbo ẹrù sínú ẹ̀, bátìrì, ọmọrí, gbogbo ẹ̀, ẹ wá fi ìka méjì gbé e síbẹ̀. Bátìrì lẹ máa sún láti fi tún un ṣe, torí náà ẹ lo félíkírò kó lè ṣeé sún.

Fóòmù ṣe pàtàkì. Lítà kan fóòmù ń gbé kílò kan nínú omi, tí ọkọ̀ yín bá wọn kílò 2.5, lítà 2.5 fóòmù ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ̀fọ̀. Ẹ há a sí imú àti ẹ̀gbẹ́. Fóòmù gígùn tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní ìlúwẹ̀ẹ́ ló dáa jù, ó rọrùn láti gé, kì í fa omi mu. Ọmọrí ọkọ̀ ńkọ́, ẹ lẹ ẹ́ yíká pẹ̀lú téèpù tí omi ò lè ṣí, kẹ́ ẹ fi èékánná tẹ etí ẹ̀ mọ́lẹ̀.

8. Ó ti dé ojú omi

Ẹ wo omi tó gbòòrò, tí ò sí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, tí ò sí ẹyẹ lójú ọ̀nà. Ìṣẹ́jú kan péré ni ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ tì í síwájú lọ́wọ́, kẹ́ ẹ wá fún un níná kó tètè gbéra, ẹ má jẹ́ kó máa wọ́ lọ lórí iná ìdajì, torí eré tí ò tó kì í ti omi wọlé dáadáa, ESC sì ń gbóná lórí iná ìdajì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ gbé e wálé, ẹ ṣí i, ẹ fọwọ́ kan injìn, ESC, bátìrì, ìsopọ̀ wáyà. Tẹ́ ẹ bá lè fi ìka síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ó ṣì dáa. Tó bá ti lé ní 60°C lórí òṣùwọ̀n ooru, ẹ dín pùròpẹ́là kù ní mìlímítà 2, tàbí kẹ́ ẹ gbé sítúrọ́ọ̀tù sókè díẹ̀. Tí ooru bá wá ju bó ṣe yẹ lọ pẹ̀lú pùròpẹ́là kékeré, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 3, ìlà ló wọ́.

Tí imú ẹ̀ bá ń fò sókè-sódò bí ọ̀pọ̀lọ́, ẹ tẹ tábù méjèèjì sísàlẹ̀ bíńtín, tàbí kẹ́ ẹ sún bátìrì síwájú. Tó bá ń fẹ̀gbẹ́ kan lọ, agbára pùròpẹ́là ló ń yí i, ẹ wo apá tó ń rì kẹ́ ẹ sún bátìrì sí apá kejì. Nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá yí mẹ́ta pa pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Àkókò: nínú 5000 mAh, 4000 lẹ máa lò, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Tí injìn bá ń gba ámpù 60 ní ìwọ̀n, ìyẹn ni ìṣẹ́jú 4 gééré. Ẹ fi áláàmù sórí rìmóòtù. Tó bá dúró láàárín odò, ẹ má lúwẹ̀ẹ́ tọ̀ ọ́, mo bẹ̀ yín. Ọ̀pá ìpẹja tí wọ́n so bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì mọ́ okùn ẹ̀ lẹ máa jù kọjá ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi fà á wálé.

9. Tẹ́ ẹ bá ti délé

Ẹ yọ bátìrì, ẹ má ṣe ṣáàjì rẹ̀ nínú ọkọ̀ láé, ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó so ó mọ́ ṣájà, ámpù 5 ni fún 5000 mAh, kó wà lórí nǹkan tí iná ò lè jó, kẹ́ ẹ sì wà nítòsí. Èyí tẹ́ ẹ ò bá ní lò láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ gbé e sí fóòtì 3.8 fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti wú, ó ti lọ, ẹ má tún un lò. Tó bá jẹ́ omi iyọ̀ lẹ ti sáré, ẹ fi omi tí ò níyọ̀ fọ gbogbo irin, kẹ́ ẹ tú u gba inú họ́ọ̀sì kọjá. Ẹ ṣí ọmọrí sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ṣáfùtù lẹ máa fà jáde ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá dé, kò sí ọ̀rọ̀ pé ó rẹ̀ mí. Ẹ nu gíríìsì àtijọ́ kúrò, ẹ wò ó bóyá okùn wáyà kan ti já lára ẹ̀, ẹ fi gíríìsì tuntun tí wọ́n ṣe fún omi kùn ún, kẹ́ ẹ dá a padà. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń nù ún lẹ máa rí i bóyá ibì kan ń dán ju ibòmíì lọ. Ibẹ̀ ló ti ń ha páìpù. Ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí ẹnu kọ́pílìn, ẹ máa mọ ibi tí páìpù ti wọ́ nínú ọkọ̀ gan-an. Tèmi ń dán ní sẹ̀ǹtímítà 11 sí kọ́pílìn báyìí. Mo ti tú injìn sílẹ̀, pépà tí mo fi há abẹ́ ẹ̀ nígbà yẹn ti fa omi mu ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, àlúmọ́ọ́nì tínrín ni mo fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.